Ẹ̀rọ Tí A Dáwó Fún Kí Wọ́n Tó Ṣe É

Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án ni ó wà láàárín jẹnẹrétọ̀ mi àti àga tí ọmọ mi máa ń jókòó sí. Mo mọ̀ nítorí pé mo fi téèpù wọ̀n ọ́n, téèpù kan náà tí mo fi ń wọn àyà àti ìbàdí àwọn ọmọ ilé-ìwé. Ti Ẹ̀gbọ́n Làmídì, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kángun sí tèmi, jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìnlá. Ti àwọn télọ̀ mẹ́ta tó kù nínú ìlà wa ní Ṣógúnlé jẹ́ mọ́kànlélógún, mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, àti mẹ́tàdínlógójì. Ọjọ́ tí mo wọ̀n wọ́n ni ọjọ́ tí èémí Mònsúrátù, ọmọ mi, fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Ó ti dé láti ilé-ìwé, ó ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ lórí àga yẹn, èmi ń rán ṣòkòtò péńpé eré ìdárayá. Mo gbọ́ tí nǹkan kan ń han fíífíí. Mo rò pé bẹ́líìtì ẹ̀rọ mi ló fẹ́ já. Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò, ẹ̀rọ dúró, ohùn yẹn kò dúró. Àyà ọmọ mi ni.

Mo gbé e pọ̀n, mo sáré lọ sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà lẹ́bàá ọ̀nà. Nọ́ọ̀sì fi nǹkan bò ó nímú àti lẹ́nu, ara rẹ̀ sì rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Dókítà ní ikọ́ fée ni, pé kò gbọ́dọ̀ máa wà níbi èéfín. Mo bi í pé ẹsẹ̀ bàtà mélòó ló yẹ kó fi jìnnà sí èéfín. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo aláwàdà.

"Bàbá, kó má sí níbi èéfín rárá ni mo wí."

Mi ò ṣàwàdà. Nínú iṣẹ́ mi, bí ẹnìkan bá ní kí n fẹ aṣọ òun díẹ̀, mo máa ń béèrè pé díẹ̀ náà jẹ́ íǹṣì mélòó. Mo gbé ọmọ lọ fún ìyá rẹ̀, mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ilẹ̀.

Iṣẹ́ télọ̀ yunifọ́ọ̀mù ni mo ń ṣe. Ọmọ Ìwó ni mí. Nígbà tí mo ka ìwé mẹ́wàá tán tí kò sí owó láti tẹ̀ síwájú, bàbá mi mú mi lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Bùràímọ̀, ẹni tó ń rán yunifọ́ọ̀mù fún ìdajì ilé-ìwé ìlú wa. Ẹ̀rọ alẹ́sẹ̀ la fi kọ́ṣẹ́. Bẹ́líìtì awọ ló máa ń so kẹ̀kẹ́ ńlá tó wà nísàlẹ̀ mọ́ kẹ̀kẹ́ kékeré tó wà lápá ọ̀tún orí ẹ̀rọ. Bí ẹsẹ̀ bá ti ń tẹ ìsàlẹ̀, òkè á máa yí. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mi, ọ̀gá ní kí n gbé bẹ́líìtì padà sórí ẹ̀rọ òun. Mo gbé e, ṣùgbọ́n mi ò kíyè sí i pé apá kan ti gba orí èkejì kọjá, bí ẹni tó jókòó tó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Ọ̀gá jókòó, ó tẹ ẹ̀rọ. Kẹ̀kẹ́ òkè yí sódì, òwú já, ó sì di kókó lábẹ́ aṣọ oníbàárà.

Kò nà mí. Ó ní kí n jókòó, kí n máa fi ọwọ́ yí kẹ̀kẹ́ náà títí wọn ó fi kírun Àsàrì. "Sí ọ̀dọ̀ ara rẹ," ló ń wí. "Kẹ̀kẹ́ ìránṣọ ń yí bọ̀ wá bá ẹni tó ń rán ni. Bó bá ń yí lọ, kì í ṣe iṣẹ́ lò ń ṣe, òwú lò ń bàjẹ́." Àwọn ọmọ iṣẹ́ tó ṣáájú mi sọ mí ní Bẹ́líìtì. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi pè mí bẹ́ẹ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ yìí nítorí pé orúkọ ẹ̀sín yẹn ló gba ọmọ mi sílẹ̀ níkẹyìn.

Ẹni tó bá ń kà á lè bi mí pé kí ló dé tí mi ò pa jẹnẹrétọ̀. Mo pa á. Odindi táàmù kan ni mo fi padà sí ẹ̀rọ alẹ́sẹ̀. Orúnkún ọ̀tún mi wú, mi ò sì lè rán tó ìdajì ohun tí mo ń rán tẹ́lẹ̀. Ilé-ìwé kan ní Ire-Akari gba iṣẹ́ wọn lọ́wọ́ mi torí pé aṣọ àwọn ọmọ kíláàsì àkọ́kọ́ pẹ́. Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀, jẹnẹrétọ̀ mẹ́rin ṣì ń tú èéfín nínú ìlà wa. Mo tún tan tèmi padà. Àwọn kan tún ní kí n fi ọmọ sílé. Ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ìmọ́tótó ní pápákọ̀ òfuurufú, ìrọ̀lẹ́ ló ń dé. Mi ò ní ti ọmọ tí èémí rẹ̀ lè tán nígbàkúgbà mọ́ inú yàrá kan lóun nìkan. Ẹni tó bá rò pé ìyẹn ti pọ̀ jù, kó lọ tọ́ ọmọ tirẹ̀.

Oníbàárà mi kan, Àǹtí Fúnkẹ́, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ẹrù ní pápákọ̀, ló kọ́kọ́ fi ìdáwó orí íńtánẹ́ẹ̀tì hàn mí. Bó ṣe rí nìyí: ẹnìkan á ní ọgbọ́n nǹkan kan lórí, kò ní agbára láti ṣe é. Á gbé àwòrán rẹ̀ síta, á ní kí àwọn tó bá fẹ́ ẹ san owó rẹ̀ sílẹ̀. Bí wọ́n bá pọ̀ tó, á fi owó wọn ṣe é, á sì fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí wọn. Ohun àkọ́kọ́ tí mo dáwó fún ni ìdérí kan tí wọ́n ní yóò máa sẹ́ èéfín ní ẹnu páìpù jẹnẹrétọ̀. Àwòrán rẹ̀ dára. Mo ṣe bí ẹni tó ń ra ọjà: mo sanwó, mo ń retí ọjà. Mi ò béèrè ẹni tó ń ṣe é. Mi ò béèrè ìlú tó wà. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, mo ṣí ojú ewé wọn, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́, bí ìgbà tí wọ́n ká ẹní.

Àṣìṣe mi ni pé mo sọ ọ́ fún Ẹ̀gbọ́n Làmídì. Agbádá àti bùbá ni wọ́n ń rán, wọ́n fi ọdún mẹ́jọ jù mí lọ, ẹnu wọn sì mú ju abẹ́rẹ́ wọn lọ. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti ń fa okùn jẹnẹrétọ̀ wọn láàárọ̀, wọn á nahùn sí mi: "Bàbá Mònsúrátù, ìdérí wa ńkọ́? Ṣó ti dé Ìlọrin?" Bó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti dé Ìbàdàn. Ó rìn yí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ká, kò dé Ṣógúnlé.

Èyí tó kù ni pé mo tún dáwó lẹ́ẹ̀kejì, mi ò sì bẹ ẹnikẹ́ni pé kó yọ̀ǹda fún mi.

Mọ́tò ẹ̀rọ ìránṣọ ni lọ́tẹ̀ yìí. Kì í ṣe mọ́tò tí wọ́n ń wọ̀. Ohun kékeré tí àwa télọ̀ ń dè mọ́ ara ẹ̀rọ dúdú kí iná lè máa yí i dípò ẹsẹ̀ ni. Èyí tí gbogbo wa ń lò kò lè ṣe láìsí iná tàbí jẹnẹrétọ̀. Ti ẹni yìí ní bátìrì tirẹ̀, tí oòrùn tàbí iná lè kún. Kò ní èéfín. Orúkọ ẹni tó fẹ́ ṣe é ni Títílayọ̀, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹnjiníà ni. Mo ka ojú ewé náà látòkè délẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n kọ ọ́ ní lẹ́tà kéékèèké pé nǹkan náà lè pẹ́, ó lè má rí bó ṣe wà nínú àwòrán, ó sì lè má dé rárá. Ó yà mí lẹ́nu pé ẹni tó ń gbowó lè sọ bẹ́ẹ̀. Ó tún mú kí n fọkàn tán an díẹ̀, torí àwọn onídèérí kò kọ irú rẹ̀.

Mo wá rò ó pé, àwọn ènìyàn tí kò mọra wọn kó owó jọ, wọ́n ń retí kí nǹkan tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Kí ni à ń pe ìyẹn? Èésú ni. Ẹni kì í sì í dá èésú pẹ̀lú ẹni tí kò mọ ilé rẹ̀. Mo kọ ìbéèrè méje ránṣẹ́: ìwúwo rẹ̀, gígùn bẹ́líìtì rẹ̀, wákàtí tí bátìrì ń lò, bó bá lè gbiná, ohun tí wọ́n máa ṣe bó bá bàjẹ́, ẹni tó ti dán an wò, àti ibi tí ṣọ́ọ̀bù wọn wà. Ó dáhùn gbogbo rẹ̀. Àjàó Estate ni ṣọ́ọ̀bù wà. Láti Ṣógúnlé, mo lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo sanwó.

Bí mo ṣe san án tán, mo ṣe ohun tí wọ́n ṣì fi ń ṣe mí yẹ̀yẹ́ títí dòní. Ní ibi tí àwọn tó dáwó ti máa ń kọ̀rọ̀ sí, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Mo kí gbogbo yín. Ta ló máa kọ́kọ́ kó? Mo bẹ̀bẹ̀ kí ẹ jẹ́ kí èmi kọ́kọ́ kó, torí àìlera ọmọ mi." Bí a ṣe ń sọ nínú èésú nìyẹn. Ẹni tó bá ní bùkátà a máa bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kó kó ṣáájú. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ẹnìkan ní kí wọ́n fi ìrẹsì àti ohun mímu kún un kí ìpàdé lè dùn. Ẹ̀gbọ́n Làmídì gbọ́, wọ́n di ìbàdí mú.

"Èésú tí o kò mọ ojú ẹnì kan nínú wọn? Àwọn àgbà ní èésú kò lérè, iye tá a bá dá ni à ń kó. Tìrẹ, iye tó o dá gan-an, wàá rí i kó bí?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo mọ ilé rẹ̀."

Ó yẹ kí mọ́tò náà dé kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Òjò bẹ̀rẹ̀, òjò dá. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹnjiníà ń kọ̀rọ̀ sí wa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó di ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Nígbà tó yá, ó dákẹ́. Ojú ewé náà kún fún èébú. Wọ́n pè é ní olè, wọ́n pe ìyá rẹ̀ náà. Mònsúrátù tún dákú dáàyè lẹ́ẹ̀kan sí i láàárín ìgbà náà. Inhélà tí wọ́n ní kó máa fín sẹ́nu kì í kúrò ní àpò ṣẹ́ẹ̀tì mi mọ́. Mo sì ti ń rí i pé ìyàwó mi ń fẹ́ sọ̀rọ̀, ó kàn ń gbé e mì ni.

Mo dìde láàárọ̀ Sátidé kan, mo mú téèpù, mo tú bẹ́líìtì awọ kúrò lára ẹ̀rọ alẹ́sẹ̀ mi, mo ká a sínú àpò. Mo fẹ́ wò ó bóyá yóò bá mọ́tò wọn mu, bí mọ́tò bá wà. Mo fẹsẹ̀ rìn lọ sí Àjàó Estate.

Ilé kékeré kan tó wà lẹ́yìn ilé ńlá ni ṣọ́ọ̀bù náà. Páálí kún ibẹ̀ dé òkè. Ọmọbìnrin kan tó ga, tó tẹ́ẹ́rẹ́, jókòó níwájú tábìlì, ó ń jó òjé mọ́ wáyà. Ojú rẹ̀ pọ́n. Mo tó bàbá tó bí i, ṣùgbọ́n Ọ̀gá Bùràímọ̀ kọ́ wa pé ẹni tó bá jókòó ti irinṣẹ́ rẹ̀, ‘ẹ’ là ń pè é, kì í ṣe ‘ìwọ’.

"Ẹ káàárọ̀, Ẹnjiníà. Èmi ni Bàbá Mònsúrátù, ará Ṣógúnlé."

Ó gbé irinṣẹ́ sílẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ béèrè ẹni tó máa kọ́kọ́ kó?"

"Èmi ni."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, omi ló bọ́ lójú rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó sì bi mí bóyá ọlọ́pàá wà níta.

"Ọlọ́pàá kọ́," ni mo wí. "Mo wá wo ojú ẹni tí mo dáwó fún ni."

Ó wá tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀. Mọ́tò ti dé, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú páálí wọ̀nyẹn. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tó bá a tò wọ́n pọ̀ kọjú irin inú wọn sódì. Dípò kí wọ́n yí kẹ̀kẹ́ bọ̀ wá sọ́dọ̀ ẹni tó ń ránṣọ, wọ́n ń yí i lọ. Wáyà tí ì bá pààrọ̀ wà nínú gúlúù líle tí wọ́n dà lé e kí omi má bàa wọ̀ ọ́. Ó ti gbìyànjú láti fọ́ mẹ́ta, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló bàjẹ́. Kò sí owó láti tún òmíràn ṣe. Ìtìjú ni kò jẹ́ kó sọ fún wa.

Ó gbé ọ̀kan sórí ẹ̀rọ dúdú kan kí n fi ojú ara mi rí i. Ó tẹ̀ ẹ́. Òwú já, ó sì di kókó lábẹ́ aṣọ. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ti gbọ́ irú ohùn yẹn kẹ́yìn, ní Ìwó, lọ́sẹ̀ tí mo wọṣẹ́. 

"Ẹnjiníà, ẹ dìde fún mi."

Mo tú bẹ́líìtì rọ́bà tó bá mọ́tò wá, torí ó kúrú. Mo yọ bẹ́líìtì awọ mi. Mo wọ̀n ọ́n, mo gé e, mo fi wáyà so ó pọ̀. Mo wá gbé e sórí ẹ̀rọ bí mo ṣe gbé e lọ́jọ́ tí wọ́n sọ mí lórúkọ: apá kan gba orí èkejì kọjá, bí ẹsẹ̀ lórí ẹsẹ̀. Bí bẹ́líìtì bá ṣe bẹ́ẹ̀, kẹ̀kẹ́ òkè á máa yí sí òdì ibi tí ti ìsàlẹ̀ ń yí sí. Òdì nínú òdì. Mo ní kó tẹ̀ ẹ́. Kẹ̀kẹ́ náà yí bọ̀ wá bá mi. Ẹ̀rọ rán ìlà kan tó tọ́, tó dọ́gba, láìsí ariwo.

 Ọmọbìnrin náà fi ìka tọ ojú ìránṣọ náà láti òpin kan dé èkejì.

Mi ò ní purọ́ pé ó pé bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ tí awọ bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, torí apá méjèèjì ń ha ara wọn níbi tí wọ́n ti kọjá. Mo béèrè kòròfo òwú, ìyẹn ike tí òwú máa ń wé mọ́. A kan ìṣó kan mọ́ tábìlì, a fi kòròfo náà kọ́ ọ kó máa yí láàárín wọn. Híha náà dáwọ́ dúró. Mo sọ fún un pé bẹ́líìtì tó bá kọjá ara rẹ̀ kì í pẹ́ tó èyí tó lọ tààrà, kí ó fi méjì méjì ránṣẹ́ sí ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ó ní òun á kọ ọ́ sójú ewé pé a ti tún un ṣe sí i. Mo ní rárá. Mo ní kó kọ ọ́ bó ṣe rí: pé wọ́n tò ó sódì, pé òun mọ̀, pé òun dákẹ́, àti ohun tí a fi wá ọ̀nà àbáyọ.

"Wọ́n á ní kí n dá owó wọn padà, sà. Gbogbo wọn."

"Nínú èésú, ẹni tó bá sá là ń lé. Ẹni tó jókòó sílé tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, à ń bá a wá ọ̀nà ni. Ẹ kọ ọ́. Mo jókòó síbí."

Ó kọ ọ́. Èmi náà kọ tèmi sí abẹ́ rẹ̀, pé mo ti débẹ̀, mo ti fi ọwọ́ mi kàn án, àti pé ẹni tó bá ń ṣiyèméjì kó wá bá mi ní Ṣógúnlé. Èébú tún rọ̀. Ẹnìkan ní ó hàn gbangba pé bàbá rẹ̀ ni mí. Mo dá a lóhùn pé ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, ọmọ ọdún mẹ́wàá ni, kò sì tíì mọ òjé í jó. Àwọn kan ní dandan kí wọ́n gba owó wọn. Wọ́n lẹ́tọ̀ọ́, mi ò sì mọ̀ bóyá gbogbo wọn ti rí i gbà. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ní kó fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú bẹ́líìtì awọ. Àwọn télọ̀ pọ̀ nínú wọn. Wọn kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé bẹ́líìtì fún wọn.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ó gbé páálí kan lé mi lọ́wọ́. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ kó." Mi ò ṣe bí ẹni tí kò fẹ́. Mo gbà á.

Ẹ̀rù bátìrì ló kù. Mo ti gbọ́ pé bátìrì a máa gbiná, mi ò sì gba ọmọ lọ́wọ́ èéfín kí n wá fi í fún iná. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko, inú ìkòkò irin ni mo gbé bátìrì náà sí, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, mo fa wáyà rẹ̀ gba ojú fèrèsé wọlé. Ìkòkò tí ìyàwó mi fi ń se ìrẹsì ọdún ni, ó sì jẹ́ kí n mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Làmídì wá dúró tì í, wọ́n yọjú wò ó nínú.

"Ṣé ó ti jinná, àbí kí n bá ọ fẹ́ná sí i?"

Mo jẹ́ kí wọ́n rín in tẹ́rùn. Bátìrì náà kò gbóná ju ọwọ́ ènìyàn lọ. Ní ọjọ́ kẹjọ, mo gbé e wọlé, mo sì gbé jẹnẹrétọ̀ mi fún ẹni tó rà á.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé mo tan òun. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, ó máa ń gbé mi dé ìrọ̀lẹ́ bó bá jẹ́ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bó bá jẹ́ aṣọ tó nípọn, á rẹ̀ ẹ́ ṣáájú. Bí òjò bá rọ̀ fún ọjọ́ méjì léraléra, mo máa ń fi ẹsẹ̀ rán díẹ̀. Mo ti pààrọ̀ bẹ́líìtì lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni lọ máa dáwó fún gbogbo àwòrán tó bá rí. Bí o kò bá mọ ilé ẹni náà, bí o kò bá lè fara da kí ohun náà má dé, má dá a. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní òmùgọ̀ nìkan ló ń san owó ohun tí kò tíì sí, kó sọ fún mi bí ohun tí kò tíì sí yóò ṣe wà.

Síbẹ̀, Mònsúrátù ṣì ń húkọ́. Jẹnẹrétọ̀ tó wà ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án ti lọ. Èyí tó wà ní mẹ́rìnlá wà níbẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, jẹnẹrétọ̀ Ẹ̀gbọ́n Làmídì kọ̀, okùn rẹ̀ sì já mọ́ wọn lọ́wọ́. Aṣọ ìsìnkú wà nílẹ̀ tí wọ́n ń bọ̀ wá gbà. Wọ́n gbé bùbá wọn wá, wọ́n ní kí n yá àwọn ní ẹ̀rọ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Mo dìde fún wọn. Wọ́n jókòó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rán. Àwọn tó kù ti lọ kírun, gbogbo ìlà dákẹ́ rọ́rọ́. Mònsúrátù wà lórí àga rẹ̀, ó ń ka ìwé ìtàn sókè bí tíṣà rẹ̀ ṣe ní kó máa kà á. Ẹ̀gbọ́n gbé ẹsẹ̀ kúrò, wọ́n sì yí orí sẹ́yìn.

"Ohùn ọmọ yìí rèé? Ọdún mẹ́rin la ti jọ wà níbí, mi ò gbọ́ ọ rí."

Mo ní ojoojúmọ́ ló ń kàwé. Wọ́n tún fetí sílẹ̀. Bí ọmọ bá ka ìlà méjì, á dúró mí, fíífíí.

"Kí ló ń han yẹn?" wọ́n ní. "Ṣé bẹ́líìtì ni?"

"Rárá, Ẹ̀gbọ́n. Àyà rẹ̀ ni."

 Wọ́n rán bùbá náà tán, wọ́n gé òwú rẹ̀, wọ́n ká a. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n dúró, wọn kò wo ojú mi.

"Bàbá Mònsúrátù, nínú èésú tìrẹ yẹn, ta ló kàn?"

A dá èésú sílẹ̀ nínú ìlà wa lọ́sẹ̀ náà, àwa márààrún, kí àwọn mẹ́rin tó kù lè máa ra mọ́tò náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fi èmi tí mo ti ní tèmi ṣe olórí. Nígbà tó di ọ̀rọ̀ ẹni tó máa kọ́kọ́ kó, wọ́n ní kí a di ìbò, bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbi gbogbo. Mo ní a kò ní dìbò. Mo mú téèpù kúrò lọ́rùn mi, mo fi òpin rẹ̀ kan ẹsẹ̀ àga ọmọ mi, mo ní kí wọ́n máa tẹ̀ lé mi. Ẹni tí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ bá súnmọ́ àga yìí jù ló máa kọ́kọ́ kó, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ dé orí ẹni tó jìnnà jù. Ọ̀kan nínú wọn ní ìyàwó òun ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, pé ó yẹ kí òun ṣáájú. Mo bá a yọ̀, mo gbàdúrà fún ọmọ tuntun, mo sì wọ̀n ọ́n: mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ipò kẹta ni. Ẹ̀gbọ́n Làmídì ló kọ́kọ́ kó, ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìnlá, èmi ni mo sì bá wọn gbé bẹ́líìtì wọn kọjá ara rẹ̀.

Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti kó báyìí. Jẹnẹrétọ̀ tó súnmọ́ àga náà jù lónìí ni ti obìnrin tó ń ta ẹja yìnyín ní òdìkejì títì. Ìgbà mẹ́rìnlá ni mo na téèpù mi, ẹlẹ́sẹ̀ bàtà márùn-ún, lélẹ̀ kí n tó débẹ̀, ó sì ku ẹsẹ̀ bàtà kan kí ìkẹrìnlá pé. Mọ́kàndínláàádọ́rin ni. Obìnrin náà béèrè ohun tí mo ń wọ̀n níwájú ọjà òun. Mo kí i dáadáa, mo ká téèpù mi, mo sì jókòó láti ṣàlàyé fún un.